Bí Àbúrò Mi Ṣe Kó Sínú Ọkọ̀ Van ní Bristol Pẹ̀lú £4,000

Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ọmọ àbúrò bàbá mi ni. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí n ṣáà má dárúkọ òun. Ìdí ni pé àwọn ọmọ wa tó ń pè é láti Leeds, láti London, láti Manchester, pé kó sọ bó ṣe ṣe é fún àwọn, ti ń pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì gbà pé bí èèyàn bá ti lè rí van tí owó rẹ̀ ò ju £2,000 lọ rà, ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ́ǹtì nìyẹn. Èmi ni mo bá a kọ owó sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì lè sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: owó tí ọkọ̀ máa jẹ kọ́ ló yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ rò, bí kò ṣe iye tó máa ṣẹ́kù sọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni onílé wọn ní Fishponds fi tó wọn létí pé òun fẹ́ ta ilé. Yàrá kan ló ní níbẹ̀, £620 lóṣù, òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn ló jọ ń lo kíṣíìnì àti balùwẹ̀. Owó iná, omi àti íntánẹ́ẹ̀tì tó ń kàn án tún jẹ́ £90. Kò rí yàrá kankan tó dín ní £750 lẹ́yìn ìyẹn. Òótọ́ ni pé òfin ọdún 2019 ti dí wọn lọ́wọ́ ní England láti gba dìpọ́sítì tó ju rẹ́ǹtì ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ fún irú yàrá bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà náà àwọn ẹ̀jẹ́ńtì ṣì ń béèrè rẹ́ǹtì oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ò dúró sójú kan. Tirẹ̀ ò sì dúró sójú kan. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Avonmouth, iṣẹ́ ẹ̀jẹ́ńsì, ọ̀sẹ̀ yìí wákàtí ogójì, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kó má ju ogún lọ. Wọ́n tún ní kó mú oníduùró tó ní ilé tirẹ̀ wá. Rẹ́ǹtì ni èmi náà ń san. £4,000 ni gbogbo ohun tó wà ní báńkì rẹ̀.

Mo ní kó wá máa sùn ní pálọ̀ mi.

"Àǹtí mi, ẹ ṣé gan-an," ló wí, "ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́ta ló wà nínú ilé yín, ìgbà tí wọ́n bá ń jí láàárọ̀ ni èmi ń wọlé láti sùn. Mo ti ń wo ọkọ̀ van."

Mo bi í pé èló ló fẹ́ ra ọkọ̀ náà. Ó ní tó bá jẹ́ £3,500, á dáa, kò ní máa dààmú òun. Ibẹ̀ la ti jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹni tó bá fi £3,500 ra ọkọ̀ nínú £4,000, tí bíréèkì bá dìde sí i ní ọ̀sẹ̀ kejì, ilé ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọkọ̀ náà ò sì rìn. Nínú ilé tí a ń san owó rẹ̀, bí báìlà bá bàjẹ́, onílé ló máa tún un ṣe. Nínú van, ìwọ ni onílé. Àdéhùn tí a ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà ni pé ọkọ̀ ò gbọ́dọ̀ gba ju £2,400 lọ, àti pé £600 gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ sùn sínú rẹ̀, tí kò ní fọwọ́ kàn fún ohunkóhun tí kì í ṣe àtúnṣe ọkọ̀.

Ẹni tó bá wa yẹ ọkọ̀ wò ni mẹkáníìkì kan, ọmọ Abẹ́òkúta, tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lápá Kingswood. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí a lọ wò jẹ́ Transit, £1,400 péré, ní Weston-super-Mare. Ọkọ̀ náà wu ojú. Wọ́n ti kan bẹ́ẹ̀dì sí i, wọ́n ti fi pákó funfun bo ògiri rẹ̀, iná kéékèèké tò yí òrùlé ká, kọ́tìnì sì wà. Àbúrò mi ti ń rẹ́rìn-ín. Mẹkáníìkì ò tilẹ̀ wo inú rẹ̀. Ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó dùbúlẹ̀, ó mú sùkúrúdíráfà, ó ń fi ìdí rẹ̀ kan irin abẹ́ ilẹ̀kùn láti iwájú lọ sẹ́yìn. Kọ̀, kọ̀, kọ̀. Nígbà tó ku díẹ̀ kó kan táyà ẹ̀yìn, ìró náà yí padà bí ìgbà tí èèyàn ń kan páálí. Ó yí sùkúrúdíráfà náà síwájú, ó fi ẹnu rẹ̀ tì í díẹ̀, ó sì wọlé. Ohun tó bọ́ sílẹ̀ kì í ṣe irin mọ́, ìyẹ̀fun pupa ni, pẹ̀lú pọ́tì tí wọ́n fi dí ojú ihò kí wọ́n tó kun ọ̀dà lé e.

"Má wo ojú rẹ̀," ló sọ fún àbúrò mi, "abẹ́ rẹ̀ ni kí o máa wò. Pákó yẹn, ìwọ náà lè kàn án. Èyí, kò sẹ́ni tó lè bá ọ kàn án ní ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn."

Ohun tó sì dùn mí ni pé ọ̀rọ̀ yẹn ti wà lákọsílẹ̀ kí a tó sun epo lọ síbẹ̀. Ìjọba ní ojú ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ọ̀fẹ́: ẹ tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ sí i, ẹ ó rí gbogbo àyẹ̀wò MOT rẹ̀, ìyẹn àyẹ̀wò ọdọọdún bóyá ọkọ̀ ṣì yẹ lójú pópó, láti ọdún 2005 síbí, iye máìlì tó ti rìn nígbà kọ̀ọ̀kan, ohun tó mú un fìdí rẹmi, àti ohun tí wọ́n kìlọ̀ pé ó ń bàjẹ́ bọ̀. Ti Transit yẹn, ọdún mẹ́rin léra wọn ni wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé irin abẹ́ rẹ̀ ń dógùn-ún. Mo rọ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ ní ìlú yìí pé kó ka ojú ìwé yẹn kó tó pe ẹni tó ń ta á.

Èyí tó rà níkẹyìn jẹ́ Citroën Relay ọdún 2013, £2,250, lọ́wọ́ púlọ́mbà kan ní Newport. Kò sí ohun ẹwà kankan lára rẹ̀. Inú rẹ̀ ṣófo, ihò sùkúrúù wà káàkiri ibi tí ṣẹ́ẹ̀fù irinṣẹ́ ti wà, ó sì ń rùn epo. Ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ le, ìtàn MOT rẹ̀ mọ́, ènìyàn sì lè dúró gangan nínú rẹ̀ nítorí òrùlé rẹ̀ ga. Relay, Peugeot Boxer àti Fiat Ducato, ilé iṣẹ́ kan náà ní Ítálì ló ń ṣe wọ́n, ara kan náà ni wọ́n ní, nítorí náà páàtì wọn kò ṣọ̀wọ́n, àlòkù wọn sì pọ̀.

Kí ló dé tí owó rẹ̀ fi lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ibí yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ kà. Díísù ni, Euro 5 sì ni, ìyẹn ìwọ̀n èéfín ti àtijọ́, kì í ṣe Euro 6 tó mọ́ jù ú lọ. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni Bristol ti ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Clean Air Zone láàárín ìlú, níbi tí van díísù tí kò tó Euro 6 ti ń san £9 lójúmọ́ tó bá wọ̀ ọ́. Birmingham ní tirẹ̀, Bath ní tirẹ̀. Ní London, ULEZ, irú agbègbè bẹ́ẹ̀ ti wọn, ti kárí gbogbo ìlú láti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2023, £12.50 lójúmọ́. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń wọ àárín ìlú lójoojúmọ́ ń ta ọkọ̀ wọn àtijọ́ dànù. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá wà ní Avonmouth bíi ti àbúrò mi, tó jẹ́ ẹ̀yìn ìlú, ó lè jẹ àǹfààní rẹ̀. Ẹni tó bá wà ní London, tó ra irú ọkọ̀ kan náà nítorí pé ó pọ̀ọ́kú, tó sì ń wà á lójoojúmọ́, owó tí yóò máa san lóṣù á ti jẹ apá ńlá nínú rẹ́ǹtì tó ń sá fún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó pè é láti Peckham ní London ti fẹ́ san owó irú rẹ̀ kó tó béèrè. Ọlọ́run ló bá a ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ìwé wá kàn. Ó kọ́kọ́ san £15 láti mọ̀ bóyá gbèsè wà lórí ọkọ̀ náà, nítorí pé bí ẹni tó tà á bá ṣì jẹ ilé iṣẹ́ tó yá a lówó, wọ́n lè wá gbé ọkọ̀ wọn lọ lọ́wọ́ rẹ. Ìwé V5C tí gbogbo èèyàn ń pè ní lọ́ọ̀gìbúùkù kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹni náà ló ni ọkọ̀. Orúkọ ẹni tí ọkọ̀ wà níkàáwọ́ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, nítorí náà ó gba rìsíìtì tó ní ìbuwọ́lù. Owó orí ọkọ̀ kì í tẹ̀ lé ọkọ̀ mọ́ láti ọdún 2014: bí wọ́n bá ti tà á tán, tuntun ni ìwọ máa san kí o tó wà á kúrò níbẹ̀. £320 ni ti van lọ́dún náà, ó sì ń san án díẹ̀díẹ̀, £28 lóṣù.

Inṣọ́ránsì ló gba sùúrù jù. Àwọn kan wà tó sọ fún un pé kó má sọ pé òun ń sùn nínú rẹ̀, kó ní ọkọ̀ akẹ́rù lásán ni, á dín owó kù. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má gbọ́ tiwọn. Inṣọ́ránsì tí a fi irọ́ rà, ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀ ni yóò di ìwé lásán, ọkọ̀ tó jẹ́ ilé rẹ ni yóò sì bá a lọ. Ó pe àwọn tó ń ṣe ti ọkọ̀ tí wọ́n sọ di ibùsùn, púpọ̀ nínú wọn kọ̀ nígbà tó ní inú rẹ̀ lòun á máa gbé. Ẹni tó gbà níkẹyìn ní kó fi £160 sílẹ̀, kó sì máa san £82 lóṣù. Ó wọ́n, àmọ́ òótọ́ ni ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀. Kò yí orúkọ ọkọ̀ náà padà sí ọkọ̀ ìgbafẹ́ lọ́dọ̀ DVLA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ àti láísẹ́ǹsì sílẹ̀, nítorí wọ́n máa ń fẹ́ rí fèrèsé àti àwọn àmì mìíràn lára rẹ̀ níta, òun ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wo ọkọ̀ náà kó mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀. Van ló ṣì jẹ́ lórí ìwé, ìdí nìyẹn tí kò fi gbọ́dọ̀ ju 50 máìlì ní wákàtí kan lọ lójú títì olójú kan tó wà lẹ́yìn ìlú.

Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: láísẹ́ǹsì Nàìjíríà ń ṣiṣẹ́ níbí fún oṣù méjìlá péré láti ìgbà tí ẹ ti di olùgbé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbọ́dọ̀ ti yege ìdánwò ti ìlú yìí. Kò sí pàṣípààrọ̀ fún un. Ẹni tó bá sì wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí físà iṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ tàbí agbanisíṣẹ́ tó ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́sì ibi tó ń gbé lọ́wọ́. Àbúrò mi ti gba ìwé ìgbélùú aláìlọ́jọ́ kó tó ṣe èyí. Ẹ má fi físà ṣeré nítorí rẹ́ǹtì.

Ó gbé ọkọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kí ó tó kan ìṣó kan ṣoṣo sí i. Sípíríǹgì iwájú kan ti dá, táyà méjì ti jẹ, páìpù bíréèkì kan sì ti ń dógùn-ún. Pẹ̀lú £15 tó fi yẹ gbèsè wò, £412 ló lọ. Àwọn tó ń kọ́kọ́ kan bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n tó tún ọkọ̀ ṣe, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń rò.

Iṣẹ́ inú rẹ̀ gba £514, tí mo kọ báyìí: fóòmù àti bọ́ọ̀dù ìdènà òtútù £110, pákó àlòkù £65, bẹ́ẹ̀dì fóòmù £40, bátìrì £95, ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣáájì rẹ̀ £30, wáyà àti fíúsì £35, iná £10, alámu tó ń ké bí èéfín olóró bá wà £18, bíláńkẹ́ẹ̀tì ìpaná àti páànaná kékeré £20, sítóòfù £17, ilé ìgbẹ́ alágbèéká £60, kẹ́ẹ̀gì omi £14. Kọ́tìnì, èmi ni mo rán an láti ara aṣọ dúdú kan tó wà nílé. Ẹ ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀, inṣọ́ránsì, owó orí oṣù kan àti àtúnṣe, £3,364 ni. £636 ṣẹ́kù. A pa àdéhùn wa mọ́.

Àwa tí a ti bá bátìrì ínfátà jà ní Nàìjíríà ò nílò kí òyìnbó kọ́ wa ní ti iná ọkọ̀. Bátìrì olómi 100Ah, volt 12, ìdajì rẹ̀ lèèyàn gbọ́dọ̀ lò bí kò bá fẹ́ kó tètè kú, ìyẹn bíi 600 watt-hour. Iná LED àti fóònù ò lè jẹ ẹ́ tán, ṣùgbọ́n kẹ́tùlù oníná lè jẹ ẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí náà kẹ́tùlù oníná ò wọ ibẹ̀ rárá. Ohun tí mẹkáníìkì ò gbà kó fi ṣeré ni fíúsì. Ó ní kó wà lára wáyà pupa, ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí bátìrì, kì í ṣe nítòsí iná tó fẹ́ tàn. Ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni ọwọ́ kejì iná. Bí wáyà pupa bá ń ha irin tí ara rẹ̀ bó, tí kò sí fíúsì láàárín òun àti bátìrì, wáyà yẹn á pọ́n, á sì dáná sun fóòmù tó wà lẹ́yìn pákó nígbà tí ẹni tó ni ín ń sùn lọ́wọ́.

Alámu £18 yẹn, mo ní kó rà á kó tó ra bẹ́ẹ̀dì, kó sì rí i pé EN 50291-2 ló wà lára rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ àti ọkọ̀ ojú omi. Ní oṣù kọkànlá, lálẹ́ ọjọ́ tí kò lọ síbi iṣẹ́, òjò ń rọ̀, atẹ́gùn ń fẹ́, ó ti gbogbo ilẹ̀kùn pa, ó sì ti ihò afẹ́fẹ́ tó wà lórí òrùlé pa, ó ń se omi ẹ̀bà lórí sítóòfù gáàsì. Omi náà ò tíì hó tí alámu fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó ní òun ò gbóòórùn kankan, orí ò fọ́ òun, kò sí ohun tó ṣe òun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni carbon monoxide ṣe rí: kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń dì mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní nǹkan bí ìlọ́po igba. Ó ṣílẹ̀kùn, ó pa iná, ó jókòó sínú òjò títí ariwo náà fi dá. Mélòó nínú wa ni kò mọ ìdílé kan nílé tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀ tí wọn ò jí mọ́? Láti ọjọ́ náà, kì í dáná láì kọ́kọ́ ṣí ihò òrùlé àti ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, kódà bí yìnyín bá ń bọ́. Kì í sì fi sítóòfù yá iná láéláé.

Òtútù ni ohun tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e jáde. Èémí ẹni tó ń sùn máa ń di omi lára irin tútù. Lóṣù kejìlá, nígbà tó gbé fóòmù bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sókè, abẹ́ rẹ̀ ti bu, dúdú dúdú, ó sì ń rùn. Ó ní láti la pákó abẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà lálààlà kí afẹ́fẹ́ máa gba ibẹ̀, kí ó sì máa sùn pẹ̀lú ihò òrùlé ní ṣíṣí. Ìgbà yẹn ló ra hítà díísù kékeré, £105, irú èyí tó ń fa afẹ́fẹ́ iná rẹ̀ láti ìta tó sì ń tú èéfín rẹ̀ sí ìta lábẹ́ ọkọ̀, ooru gbígbẹ nìkan ló ń wọlé. Mẹkáníìkì ló bá a so ó, nítorí páìpù èéfín yẹn ò gbọ́dọ̀ jò. Páànẹ́ẹ̀lì sólà àlòkù tó gbé sórí òrùlé ń ṣe dáadáa láti oṣù kẹrin lọ. Ní oṣù kejìlá, tí ọjọ́ ò tó wákàtí mẹ́jọ tí oòrùn ò sì gòkè, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ wúlò.

Ibo ló ń sùn? Ọ̀sán ló ń sùn, nítorí náà ojú pópó àwọn ilé iṣẹ́ ní Avonmouth ló wọ̀ ọ́ jù, ariwo tírélà ti di ohun tí etí rẹ̀ ò gbọ́ mọ́. Kì í dúró síwájú ilé ẹnikẹ́ni. Kì í gbé àga síta, kì í fi ìdọ̀tí sílẹ̀, kì í sì lo ojú kan ṣoṣo léraléra. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ The Downs, pápá gbangba ńlá kan ní Bristol, van tí èèyàn ń gbé inú wọn tò lọ bẹẹrẹ nígbà náà, ẹjọ́ àwọn aráàdúgbò kì í sì tán. Ó sá fún ibẹ̀. Sísùn nínú ọkọ̀ lójú pópó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ fúnra rẹ̀ ní England, ṣùgbọ́n òfin ọdún 1994 fún ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti ní kí ẹni tó ń gbé nínú ọkọ̀ kúrò, òfin ọdún 2022 sì lè jẹ́ kí ọlọ́pàá gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó wọ ilẹ̀ onílẹ̀, tó ń fa ìpalára níbẹ̀, tí wọ́n ní kó kúrò tó kọ̀. Ilé rẹ ni wọ́n gbà yẹn. Bí wọ́n bá ní kó lọ, ó ń lọ, kò sí àríyànjiyàn. Lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó ń san owó ọgbà kékeré kan tí kì í gbà ju ọkọ̀ márùn-ún lọ, níbi tó ti ń da ilé ìgbẹ́ rẹ̀ nù, tó ń pọn omi, tó sì ń ṣáájì bátìrì.

Ọlọ́pàá ti kan ọkọ̀ náà lóru. Àyà mi já nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi, nítorí ọkùnrin dúdú tó dá wà nínú van lóru, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ẹni tó wà níta ń rò. Ó tan iná, ó gbé ọwọ́ méjèèjì síbi tí wọ́n ti lè rí i, ó sọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Wọ́n yẹ láísẹ́ǹsì àti inṣọ́ránsì rẹ̀ wò, wọ́n bi í bóyá ó ti mutí, wọ́n sì lọ. Ìbéèrè ọtí yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Lábẹ́ òfin ìrìnnà ọdún 1988, ẹni tó mutí kọjá ìwọ̀n tó sì wà nídìí ọkọ̀ ti lè rú òfin, ìbáà jẹ́ oorun ló ń sùn. Ẹni tí ọkọ̀ jẹ́ yàrá rẹ̀, yàrá rẹ̀ wà lábẹ́ òfin yẹn. Kì í gbé bíà kan ṣoṣo síbẹ̀.

Lẹ́tà rẹ̀ ń wá sí ilé mi. DVLA lè bu owó ìtanràn tó tó £1,000 lé ẹni tí àdírẹ́sì rẹ̀ ò bá bójú mu lọ́dọ̀ wọn. GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, ò ní láti rí ìwé ẹ̀rí àdírẹ́sì kí wọ́n tó gbà ọ́ sílẹ̀, bí ẹni tó wà ní tábìlì iwájú bá ní dandan ni, ẹ rọra sọ fún un pé ìlànà NHS, ètò ìlera ìjọba, ò sọ bẹ́ẹ̀. Ìdìbò náà, ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé ìgbélùú lè dìbò níbí nítorí Commonwealth, ẹni tí kò sì ní ilé tó dúró lójú kan lè forúkọ sílẹ̀ níbi tó ti ń lo àkókò rẹ̀ jù. Ó ṣe é, ó sì dìbò ní oṣù keje ọdún 2024.

Oúnjẹ ló ń dùn mí jù. Kò sí fíríìjì, nítorí náà kò sí ọbẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Bí ó bá din ata, òórùn rẹ̀ á wà lára aṣọ tó máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Irú àti panla ò wọ inú ọkọ̀ yẹn. Gàrí, ẹ̀wà inú agolo, sàdíìnì, ẹyin, búrẹ́dì. Owó oúnjẹ rẹ̀ fi bíi £60 gòkè lóṣù nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ló ń rà á. Ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó rí òrùlé irin lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń fi fídíò sọ̀rọ̀. "Ṣé inú mọ́tò lo wá ń sùn ní ìlú òyìnbó?" Ìyá náà ní kó gbé fóònù fún mi. Mi ò purọ́ fún wọn. Mo ṣàlàyé owó náà fún wọn bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ níbí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí n ṣèlérí pé lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, ilé mi lá ti máa jẹun. Ó ń wá. Ó ń jẹ iyán, ó ń fọ aṣọ, ó sì ń gbé ike ọbẹ̀ kan lọ tó gbọ́dọ̀ jẹ tán kí ọjọ́ kejì tó parí.

Èyí ni ìnáwó oṣù rẹ̀: inṣọ́ránsì £82, owó orí ọkọ̀ £28, díísù £85, jíìmù tó ti ń wẹ̀ £23, ọgbà ọkọ̀ £30, gáàsì £14, owó àtúnṣe £80 tó ń fi pamọ́. £342. £710 ló ń ná tẹ́lẹ̀ lórí yàrá. Bí ẹ bá yọ £60 oúnjẹ, bíi £300 ló ń ṣẹ́kù fún un lóṣù. Kò dín owó tó ń fi ránṣẹ́ sílé kù.

Títí di ìparí ọdún 2024, owó tó ti kó jọ ti tó dìpọ́sítì pẹ̀lú rẹ́ǹtì oṣù mẹ́ta, ilé iṣẹ́ náà sì ti gbà á síṣẹ́ tààrà, wákàtí rẹ̀ ti dúró sójú kan. Yàrá kan wà ní Shirehampton tó ti lọ wò. Kò tíì pinnu nígbà náà. MOT ọkọ̀ náà ń bọ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2025. Mẹkáníìkì ti wo abẹ́ rẹ̀, ó ní díísìkì bíréèkì ẹ̀yìn méjèèjì máa lọ, kílọ́ọ̀ṣì náà ò ní pẹ́ béèrè owó. £710 ló wà nínú owó àtúnṣe nígbà náà. Mẹkáníìkì ti sọ fún un pé kó ra díísìkì náà nísinsin yìí, kó fi ti kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ di ìgbà tó bá mọ̀ bóyá òun ṣì fẹ́ máa gbé inú rẹ̀ lẹ́yìn ọdún Àjíǹde.